A Ń Sá fún Ẹyin, A Ń Gbé Dẹ́kísà Mì

Ọ̀sán gangan ni ní òpópónà Ilo-Awela, ní ìtòsí Toll Gate ní Ọ̀tà. Tírélà tò gbọọrọ níwájú àwọn ilé-iṣẹ́, eruku bo ewé igi, àwọn ọlọ́kadà ń fọn fèrè kí wọ́n lè rí ọ̀nà gbà láàárín wọn. Wọ́n ti tú àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún oúnjẹ ọ̀sán, àwọn tó wọ aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ búlúù sì ti kún bùkà ìyá olóúnjẹ kan tó dojú kọ géètì.

Ọkùnrin kan tó ti lé ní àádọ́ta ọdún gba ìrẹsì àti ẹ̀wà. Bí ìyá olóúnjẹ ṣe fẹ́ fi ẹyin lé e, ó yára na ọwọ́. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ẹyin sí i. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ni." Ìyá olóúnjẹ rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ó dáa, ọ̀gá mi, ẹ jẹ́ kí n fi pọ̀ǹmọ́ dípò." Kò sí ẹni tó béèrè ohun tí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù jẹ́. Gbogbo àwọn tó jókòó níbẹ̀ ti kà á kún ọ̀tá tipẹ́tipẹ́.

Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì kan, ọmọbìnrin kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ ku oṣù méjì ń ra dẹ́kísà pẹ̀lú oògùn ajẹunjẹ. Ó fẹ́ sanra díẹ̀ kí aṣọ ìgbéyàwó lè bá a mu. Ó tún mú ìpara kan tó ń mú ara pupa. Ẹni tó ń tajà kó o sínú ọ̀rá, ó gba owó, ó fún un ní ṣéńjì. Kò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, ọ̀kan náà ni. Ohun tí ọkùnrin yẹn kọ̀ lórí àwo rẹ̀ ni ara ènìyàn ń lò láti ṣe irú ohun tí ọmọbìnrin yẹn rà nínú káàdì oògùn. Àwa ń bẹ̀rù ohun èlò tí ara nílò, a sì ń gbé àyédèrú iṣẹ́ rẹ̀ mì láìbẹ̀rù. Níbi tí ewu wà gan-an, ibẹ̀ ni ọkàn wa ti balẹ̀ jù.

Kì í ṣe májèlé

Oríṣi ọ̀rá kan ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù. Inú òkúta tó máa ń dì sínú àpò òróǹro ni àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé ti kọ́kọ́ rí i ní ọ̀rúndún kejìdínlógún. Ó pẹ́ kí aráyé tó mọ bí ara ṣe ń ṣe é. Konrad Bloch àti Feodor Lynen ló túdìí àṣírí náà, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel lórí rẹ̀ ní ọdún 1964.

Ohun tó yẹ kí ó yà wá lẹ́nu nínú iṣẹ́ wọn ni pé ara fúnra rẹ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tó ń lò. Ẹ̀dọ̀ wà lára àwọn olórí òṣìṣẹ́ ibẹ̀. Ní ojúmọ́ kan, ara àgbàlagbà ń ṣe tó nǹkan bíi gíráàmù kan, èyí sì ju iye tí ọ̀pọ̀ wa ń jẹ nínú oúnjẹ lọ. Ẹni tí kò fẹnu kan ẹyin tàbí ẹran rí láyé rẹ̀ ṣì ní kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lára.

Bí kò bá sí i, kò sí sẹ́ẹ̀lì tó lè dúró, nítorí ó wà lára awọ tó yí gbogbo sẹ́ẹ̀lì wa ká. Òun ni ẹ̀dọ̀ ń lò láti ṣe omi òróǹro tó ń bá wa da oúnjẹ ọlọ́ràá. Ìbátan rẹ̀ kan tó wà nínú awọ ara ni oòrùn ń sọ di fítámì D. Láti ara rẹ̀ náà ni gbogbo họ́mọ̀nù tí a ń pè ní sítẹ́rọ́ìdì ti ń jáde: èyí tó ń sọ ọmọkùnrin di ọkùnrin, èyí tó ń mú nǹkan oṣù obìnrin wá, èyí tó ń di oyún mú, èyí tó ń pa iyọ̀ mọ́ sára, àti cortisol, tó ń jẹ́ kí ara lè dúró nígbà àìsàn, ebi àti ìpayà.

Mo ní láti sọ̀rọ̀ lórí òróró díẹ̀ níbí. Lára kẹ́ẹ̀gì òróró tó kún ọjà Ṣàngó, ẹ ó rí àkọlé gàdàgbà pé kò sí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù nínú rẹ̀. Òótọ́ ni, àmọ́ kò sí òróró ewéko tó ní èyí tó tó kà. Epo pupa kò ní in, òróró ẹ̀pà kò ní in. Ara ẹranko ni kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù oúnjẹ ti ń wá. Ẹni tó ń san owó lé e nítorí àkọlé yẹn ń ra ohun tó ti wà nínú gbogbo kẹ́ẹ̀gì.

Pé ara nílò kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò túmọ̀ sí pé kí ọkùnrin bùkà yẹn kọ etí ikún sí dókítà rẹ̀. Bí irú kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí wọ́n ń pè ní LDL bá pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó máa ń wọ ara ògiri òpó ẹ̀jẹ̀, ó sì lè fa àìsàn ọkàn àti rọpárọsẹ̀. Ẹni tí àyẹ̀wò bá fi hàn pé tirẹ̀ ga, kí ó tẹ̀ lé ìtọ́jú.

Bí ohun èlò ṣe ń wọlé, bó ṣe ń dúró de iṣẹ́

Ẹni tó bá ti ṣiṣẹ́ rí nínú ilé-iṣẹ́ kan ní Ilo-Awela yóò tètè lóye ohun tó kàn. Tírélà á gbé ohun èlò dé, wọ́n á kó o sí sítọ̀, á wà níbẹ̀ títí àṣẹ á fi dé láti ọ́fíìsì, lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé e lọ síbi ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe họ́mọ̀nù ṣe ń ṣe.

Ibi tí sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí wà kò pọ̀. Wọ́n wà nínú ẹpọ̀n, wọ́n wà nínú ilé ẹyin obìnrin, wọ́n wà nínú ibi ọmọ nígbà oyún. Wọ́n sì wà nínú ẹṣẹ́ méjì tó jókòó lórí kíndìnrín, ọ̀kan lórí ọ̀tún, ọ̀kan lórí òsì. Ìkọ̀ọ̀kan wọn kò wúwo ju nǹkan bíi gíráàmù 4 sí 5 lọ. Ẹṣẹ́ orí kíndìnrín yìí ló ń ṣe cortisol, òun sì ni ọ̀rọ̀ wa dá lé jù.

Ọ̀rá kì í bá omi lọ, ẹ̀jẹ̀ sì kún fún omi. Nítorí náà, ara máa ń di kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù sínú ẹrù tí púrótéènì bò níta. LDL jẹ́ ọ̀kan nínú ẹrù wọ̀nyí, HDL jẹ́ òmíràn. Michael Brown àti Joseph Goldstein, ní ìlú Dallas ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n rí ìkọ́ tó wà lójú sẹ́ẹ̀lì tó ń mú LDL wọlé. Ẹ̀bùn Nobel ọdún 1985 ni wọ́n fi yẹ́ wọn sí.

Bí LDL bá ti wọlé, sẹ́ẹ̀lì á tú u palẹ̀ nínú àpò kékeré kan. Púrótéènì méjì tí orúkọ wọn ń jẹ́ NPC1 àti NPC2 ló ń kó kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù jáde níbẹ̀. Àwọn ọmọ kan wà tí wọ́n bí tí ọ̀kan nínú méjèèjì kò ṣiṣẹ́ lára wọn. Kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọn á há sínú àpò náà, á máa ga bí òkìtì, ọpọlọ wọn á sì máa bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀. Kì í ṣe àìtó ló ń pa wọ́n lára. Ohun tó ń pa wọ́n lára ni pé ohun tó wà nínú ilé kò lè dé ibi tó yẹ.

Ọ̀nà mìíràn tún wà. Sẹ́ẹ̀lì lè gba kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù lọ́wọ́ HDL láìgbé ẹrù náà mì, ó sì lè ṣe tirẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ̀dá kò fi ohun tó ṣe pàtàkì tó báyìí sí ọwọ́ olùpèsè kan ṣoṣo.

Èyí tí sẹ́ẹ̀lì kò bá lò lójú ẹsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ máa rìn kiri, nítorí pé bó bá pọ̀ jù, ó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́. Wọ́n á so ìrù ọ̀rá kan mọ́ ọn, á sì di ẹ̀kán ọ̀rá róbótó róbótó nínú sẹ́ẹ̀lì. Ẹ̀kán ọ̀rá yìí ni sítọ̀ náà. Ó pọ̀ nínú ẹṣẹ́ orí kíndìnrín tó bẹ́ẹ̀ tí èèpo ẹṣẹ́ náà fi pọ́n bí èso ìyeyè nígbà tí a bá là á.

Àwọn dókítà tó ń yẹ òkú wò mọ àmì kan dáadáa: lára ẹni tí àìsàn líle ti bá jìjàkadì kí ó tó kú, àwọ̀ ìyeyè yẹn máa ń ṣá. Ara ti kó gbogbo ohun tó wà ní sítọ̀ fún ogun.

Ibi tí ọ̀nà ti há jù

Nígbà tí àìsàn tàbí ìpayà bá dé, ẹṣẹ́ kan tó wà lábẹ́ ọpọlọ á tú họ́mọ̀nù kan sínú ẹ̀jẹ̀, ACTH ni orúkọ rẹ̀. Òun ni àṣẹ. Bó bá ti kan ẹṣẹ́ orí kíndìnrín, ohun méjì á ṣẹlẹ̀. Ẹ́ńsáìmù kan á já ìrù ọ̀rá kúrò, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù á sì jáde láti inú ẹ̀kán. Láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan, sẹ́ẹ̀lì á tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe púrótéènì kan tí wọ́n ń pè ní StAR.

Iṣẹ́ StAR ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ẹ̀rọ tó ń sọ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù di họ́mọ̀nù wà nínú mitochondria, àwọn ẹ̀yà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń pèsè agbára fún un. Awọ méjì ni mitochondria ní, ẹ̀rọ náà sì wà lára awọ inú lọ́hùn-ún. Omi wà láàárín awọ méjèèjì, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò sì lè dá omi yẹn kọjá. StAR ló ń mú un kọjá. Ọ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀ lè mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún ẹyọ kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù wọlé kí agbára rẹ̀ tó pin. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí ọgbọ́n tó ń dá gan-an, àmọ́ kò sí ẹni tó ń jiyàn pé òun ni olórí ẹnu ọ̀nà.

Barbara Clark àti Douglas Stocco, ní Yunifásítì Texas Tech, ló fi StAR hàn fáyé ní ọdún 1994. Nígbà tó máa fi di ọdún 1995, ìwádìí mìíràn ti fi hàn pé àbùkù lára StAR ló ń fa àìsàn kan tó ń pa ọmọ ìkókó. Bí wọ́n bá yẹ ẹṣẹ́ orí kíndìnrín irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò, ó wú, ó kún fún ọ̀rá bámúbámú. Sítọ̀ kún, síbẹ̀ ọmọ ń kú nítorí àìsí họ́mọ̀nù. Ó máa ń bì, iyọ̀ ara rẹ̀ á máa dà nù, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ á lọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá tètè mọ̀ ọ́n, tí wọ́n sì ń fún un ní họ́mọ̀nù lójoojúmọ́, ó lè dàgbà.

Kí ló dé tí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kò kú sínú oyún? Ibi ọmọ kò gbára lé StAR. Púrótéènì mìíràn ni òun ń lò, nítorí náà họ́mọ̀nù tó ń di oyún mú kò dáwọ́ dúró.

Bí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù bá ti dé awọ inú, ìyókù kò le mọ́. Ó ní ẹyọ carbon 27. Ẹ́ńsáìmù kan á gé 6 kúrò, á ku 21, ohun tó jáde sì ni pregnenolone, ìyá gbogbo sítẹ́rọ́ìdì ara. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ṣe cortisol tó ní 21, testosterone tó ní 19, àti estrogen tó ní 18.

Ẹ̀kọ́ láti ara àwọn ọmọ Áfíríkà

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló ń sọ pé àwọn kò ní lo oògùn kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù tí dókítà kọ fún wọn, kí ó má baà pa agbára ọkùnrin wọn. Ẹ̀rù yìí lọ́gbọ́n nínú: bí ohun èlò bá dín, ṣé ọjà kò ní dín?

Ara àwọn ènìyàn tó ní ẹ̀jẹ̀ Áfíríkà ni ìdáhùn tó lágbára jù ti wá. Ní ọdún 2005, Jonathan Cohen àti Helen Hobbs ní Dallas rí i pé nǹkan bí 2 nínú 100 àwọn Adúláwọ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n bí pẹ̀lú àyípadà kan nínú jíìnì tó ń jẹ́ PCSK9, tí LDL wọn sì fi nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti ẹlòmíràn. Ní ọdún 2006, wọ́n ròyìn pé àìsàn òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn láàárín irú àwọn bẹ́ẹ̀ fi ìdá 88 nínú ọgọ́rùn-ún dín. Wọ́n tún rí obìnrin kan tí jíìnì náà kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀ rárá. LDL rẹ̀ kò ju 14 mg/dL lọ, bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ní 100 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ara rẹ̀ le, ó sì ti bímọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn rí òmíràn tó jọ ọ́ ní Zimbabwe.

Bí kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù inú ẹ̀jẹ̀ bá kéré tó bẹ́ẹ̀, tí obìnrin sì ń ṣe nǹkan oṣù, tó ń lóyún, tó ń bí, a jẹ́ pé sẹ́ẹ̀lì mọ bó ṣe ń wá tirẹ̀. Láti ara ìmọ̀ yẹn ni oògùn tuntun fún kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù ti jáde ní ọdún 2015. Kì í ṣe àìtó ohun èlò ló sábà máa ń ti ilé-iṣẹ́ yìí pa. Àìdé àṣẹ ni.

Bí dẹ́kísà ṣe ń ti ilé-iṣẹ́ pa

Dexamethasone, tí gbogbo ènìyàn ń pè ní dẹ́kísà, jẹ́ àdàkọ cortisol tí wọ́n ṣe kí ó lágbára jù ú lọ dáadáa. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin mílígíráàmù rẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ 20 mílígíráàmù cortisol. Ara àgbàlagbà tó dá ṣáṣá kì í ṣe ju nǹkan bíi 10 sí 20 mílígíráàmù cortisol lọ lójúmọ́. Ẹ wo ẹyọ oògùn kékeré tó jẹ́ ìdajì mílígíráàmù: ẹyọ kan ṣoṣo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó iṣẹ́ odidi ọjọ́ kan. Ẹni tó bá ń gbé méjì tàbí mẹ́ta mì láràárọ̀ kí ó lè sanra ti kọjá ohun tí ara rẹ̀ ń ṣe.

Ọpọlọ kò mọ̀ pé káàdì kẹ́míìsì ló ti wá. Ohun tó rí ni pé cortisol ti pọ̀ jù. Á dá ACTH dúró. Bí ACTH kò bá dé, sítọ̀ kò ní ṣí, StAR kò ní sí, kọlẹ́sítírọ́ọ̀lù kò ní dé ibi ẹ̀rọ. Bó bá pẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín á bẹ̀rẹ̀ sí í joro.

Ẹni tó ń lò ó kò mọ̀. Ojú rẹ̀ ń yí róbótó, ikùn ń tóbi, àwọn ènìyàn ń kí i pé ara rẹ̀ ti dán. Obìnrin kan tó ń tajà nítòsí Ojú-Ọrẹ sọ fún mi pé òun lò ó títí ẹ̀yìn òun fi yọ iké bí ti màlúù, tí apá àti ẹsẹ̀ òun sì rù ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. "Mo rò pé mò ń sanra ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mi ò mọ̀ pé mò ń ṣàìsàn." Ìtọ̀ ṣúgà, ẹ̀jẹ̀ ríru, eegun ẹlẹgẹ́, àkóràn tí kò tètè san: gbogbo rẹ̀ lè tẹ̀ lé e.

Ìpara abóra náà kò yàtọ̀. Clobetasol, tó wà nínú ọ̀pọ̀ rẹ̀, jẹ́ ọ̀kan lára sítẹ́rọ́ìdì tó lágbára jù tí wọ́n ń fi pa ara. Ìlànà rẹ̀ ni pé kí aláìsàn má lò ó ju ọ̀sẹ̀ méjì léra lọ, kí ó má sì ju 50 gíráàmù lọ lọ́sẹ̀. Gíráàmù 2 péré lójúmọ́ ti lè dín iṣẹ́ ẹṣẹ́ orí kíndìnrín kù. Àwọn tó ń da ìpara pọ̀ nínú ike ńlá, tí wọ́n ń fi í pa gbogbo ara láàárọ̀ àti lálẹ́ fún ọdún, kì í wọn gíráàmù. Àwọn mìíràn ń fi í pa ọmọ ìkókó kí ó lè pupa. Ó ń dùn mí gan-an, torí awọ ọmọ fẹ́lẹ́, oògùn sì ń tètè gbabẹ̀ wọ ẹ̀jẹ̀.

Iye tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní ọdún 2011, tí àwọn aláṣẹ wa náà ń tọ́ka sí, ni pé 77 nínú ọgọ́rùn-ún obìnrin Nàìjíríà ló ń lo ohun tó ń bó àwọ̀. NAFDAC kò fàyè gba sítẹ́rọ́ìdì nínú ohun ìṣaralóge. Òfin wà, ọjà náà sì wà níta gbangba. Lójú tèmi, ẹ̀bi tó pọ̀ jù kì í ṣe ti ọmọbìnrin tó fẹ́ dára lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀. Ti ẹni tó mọ̀ pé oògùn ni, tó ń tà á bíi bisikíìtì, ló pọ̀ jù.

Oògùn rere ni sítẹ́rọ́ìdì lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n lò. Cortisone gba ẹ̀bùn Nobel fún Edward Kendall, Philip Hench àti Tadeus Reichstein ní ọdún 1950. Ní ọdún 2020, ìwádìí láti Oxford fi hàn pé dẹ́kísà dín ikú àwọn aláìsàn kòrónà tó wà lórí ẹ̀rọ amúnimí kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta. Asìkò díẹ̀ ni wọ́n fi lò ó, pẹ̀lú ìwọ̀n, lábẹ́ ojú dókítà.

Ẹ má ṣe dá a dúró lójijì

Dókítà kan tó ń tọ́jú àìsàn họ́mọ̀nù ṣàlàyé fún mi pé ohun tó ń já òun láyà jù ni ọjọ́ tí owó bá tán lọ́wọ́ aláìsàn, tàbí tí pásítọ̀ tàbí ọkọ bá ní kí ó kó gbogbo rẹ̀ dà nù. Oògùn ti dáwọ́ dúró, ẹṣẹ́ orí kíndìnrín kò sì tíì jí. Ó lè gba ọ̀sẹ̀, ó lè gba oṣù, kí ó tó padà bọ̀ sípò. Bí ibà tàbí iṣẹ́ abẹ bá bọ́ sí àárín asìkò yẹn, kò sí cortisol tí ara máa fi dúró. Àárẹ̀ ńlá, èébì, inú rírun, òòyì, ẹ̀jẹ̀ tó lọ sílẹ̀, lẹ́yìn náà dídákú. Wọ́n á ní ibà ni, wọ́n á ní ayé ni.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ẹ ti ń lo dẹ́kísà tàbí ìpara abóra tipẹ́, ẹ má kàn jù ú nù lónìí. Ẹ kó káàdì oògùn àti ike ìpara náà dání, kí ẹ gbé e lọ fún dókítà ní ilé-ìwòsàn ìjọba tó bá sún mọ́ yín, ẹ má sì jẹ́ kí ìtìjú mú yín purọ́ fún un. Òun ló máa mọ bí wọ́n ṣe máa dín in kù díẹ̀díẹ̀ títí ẹṣẹ́ yín á fi tún bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Bí ẹnìkan nínú ilé yín tó ń lò ó bá sì dákú, ẹ má dúró. Ẹ sáré gbé e lọ sí ilé-ìwòsàn, kí ẹ sì kọ́kọ́ sọ fún wọn pé sítẹ́rọ́ìdì ló ń lò.